Ẹ̀KỌ́ KẸTÀDÍNLÓGÚN: IKÙN WÍWÚ TÍ KÌ Í ṢE OYÚN



Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá kan ń gbé ní Kétu. Ó ti pé ẹni ọdún 55, gààrí ni ó ń tà. Ó ti pẹ́ tí kò rí nǹkan oṣù mọ́. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Òkèlè mẹ́ta péré, ó ti yó. Ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ìró tí ó ń ró tẹ́lẹ̀ kò yí i ká mọ́. Àwọn ará ọjà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá, ṣé ẹ tún fẹ́ bímọ ni?" Ní ilé, ẹnì kan ní iju ni. Ẹnì kejì ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹnì kẹta kò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n ó ní orogún ìyá náà ni ó ṣe é. Wọ́n ń ra oògùn inú kíkún ní ọjà. Oṣù mẹ́rin kọjá lọ báyìí.

Mo ka ìtàn yìí fún àwọn ìyá tí mo ń kọ́ ní ìwé ní alẹ́. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ oyún yẹn. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní: "Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe lọ nìyẹn." Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ yìí fi gùn ju àwọn tó kù lọ. Ẹ má bínú.

Kí ni ó wà nínú ikùn yẹn?

Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹyin méjì ní ìsàlẹ̀ ikùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé-ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Láti ibẹ̀ ni ẹyin tí ó ń di ọmọ ti ń jáde, tí ó ń gba inú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sí ilé-ọmọ. Jẹjẹrẹ lè mú ilé ẹyin yìí. Àwọn oníwádìí tilẹ̀ ti rí i pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fọ́n ká inú ikùn bí ẹni fọ́n irúgbìn ẹ̀fọ́, omi á sì máa gbá jọ. Omi yẹn ni ó ń mú kí ikùn wú. Orogún kọ́.

Ní ọdún 2022, nǹkan bí obìnrin 324,000 ni wọ́n rí àrùn yìí lára wọn ní gbogbo ayé. Ní ọdún kan náà, ó pa nǹkan bí 207,000.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ìyẹn ní àyẹ̀wò tí obìnrin tí ara rẹ̀ le lè lọ ṣe, ó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọdébìnrin. Ti ilé ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2001, wọ́n kó obìnrin tí ó lé ní 200,000 jọ. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wò lọ́dọọdún, wọ́n ń ya àwòrán inú ikùn àwọn mìíràn, wọn kò sì ṣe àyẹ̀wò fún ìyókù. Èsì jáde ní 2021: àyẹ̀wò náà kò dín iye àwọn tí àrùn náà pa kù. Nítorí náà, bí nǹkan kan kò bá ṣe yín, tí àrùn náà kò sì sí nínú ìdílé yín, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá sanwó àyẹ̀wò ilé ẹyin, ẹ tọ́jú owó yín.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀?

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ máa ṣọ́. Ikùn ń wú. Ìsàlẹ̀ ikùn tàbí inú ń dunni. Oúnjẹ díẹ̀, ẹ ti yó. Ìtọ̀ ń gbọ̀n yín lemọ́lemọ́.

Ẹ ó ní: "Ta ni ikùn rẹ̀ kì í wú?" Òótọ́ ni. Ẹ̀wà nìkan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé báyìí, ẹ lè kà á. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí bá ṣẹlẹ̀, ẹ fa ìlà kan sí ara kàlẹ́ńdà. Bí ẹ kò ní kàlẹ́ńdà, ẹ fi èédú fà á sí ara ògiri. Bí ìlà bá ju 12 lọ láàrin oṣù kan, tí ìyọnu náà kò sì tíì pé ọdún kan tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ iye ìlà náà fún agbẹ̀bí tàbí dókítà. Ẹ ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya àwòrán inú ikùn mi," èyí tí wọ́n ń pè ní ekogiráfì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá lọ kò ní í ní jẹjẹrẹ. Ẹ ó padà sílé, ọkàn yín á balẹ̀.

Ìtọ́jú wo ni ó wà?

Iṣẹ́ abẹ ni, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ á gbìyànjú láti yọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Bí ohun tí ó kù sínú bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ṣe ní ìrètí láti pẹ́ tó. Oògùn náà méjì ni. Ọ̀kan ń jẹ́ carboplatin. Irin olówó iyebíye kan wà nínú rẹ̀. Èkejì ń jẹ́ paclitaxel, ìtàn tirẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀.

Ní 1962, wọ́n bó èèpo igi kan nínú igbó ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e lọ fún àwọn tí ń wá oògùn jẹjẹrẹ. Èèpo igi, bí èyí tí àwọn bàbá wa ń bó! Ṣùgbọ́n igi náà ní májèlé. Wọ́n ní láti yọ ohun kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ìwọ̀n tí ń pa àrùn tí kò sì ní í pa ènìyàn. Ọgbọ̀n ọdún ni ó gbà wọ́n; 1992 ni Amẹ́ríkà tó gbà á láyè fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Mi ò bú oníṣègùn ilé. Mo kàn ní kí ẹ wo iye ọdún yẹn kí ẹ tó gba ìgò àgbo lọ́wọ́ ẹni tí ó ní òun rí tirẹ̀ lánàá.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sábà máa ń fa oògùn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sí ara wọn. Nígbà mìíràn, wọ́n á fa mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Irun á re, á tún hù. Èébì lè gbé ènìyàn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá dá a dúró ní ìgbà kejì nítorí pé ikùn ti fò, kò tíì ṣe tán o.

Láti 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ oògùn méjèèjì, fún àrùn yìí gan-an, sínú ìwé àwọn oògùn tí gbogbo orílẹ̀-èdè yẹ kí ó ní. Ìwé ni mo wí. Kí ó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí kí ó wà lórí pẹpẹ ilé oògùn.

Oògùn tuntun wà tí a ń gbé mì, ó ń jẹ́ olaparib. Ó wúlò jù fún àwọn obìnrin tí wọ́n jogún àbùkù kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn. Wọ́n fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ ti mú àrùn wọn rọlẹ̀. Èsì tí ó jáde ní 2022 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún méje, nínú 100 tí ó lò ó, 67 ń bẹ láàyè. Nínú 100 tí kò lò ó, wọn kò pé 47. Ó wọ́n gidigidi. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kí ẹ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ àti oògùn méjì àkọ́kọ́ yẹn ni iṣu, èyí ni epo.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìdílé yìí kàn wá. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò obìnrin 1,136 jáde, àwọn tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, ní ìkejì ààlà wa níbí. Bí ẹnì kan nínú méje ni ó jogún irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú àbùkù wọ̀nyí ń fa ti ọmú àti ti ilé ẹyin pọ̀. Nítorí náà, bí ìyá yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí àbúrò bàbá yín bá ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ sọ ọ́: bàbá lè gbé e fún ọmọbìnrin rẹ̀.

Ọ̀nà ńkọ́?

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Láti Sábẹ̀ dé Kútọnu, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá CNHU wà, ó lé ní kìlómítà 200. Ènìyàn kò lè dá lọ pẹ̀lú àìsàn. Á mú ẹnì kan dání. Nígbà tí a jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì, àwọn ìyá kò dárúkọ oògùn. Ọkọ̀ ni wọ́n dárúkọ, àti ibi tí wọ́n á sùn, àti ẹni tí yóò máa ta gààrí nígbà náà. Nítorí náà a ṣe ìṣirò yìí pọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe é.

ÌṢIRÒ

1. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìyá yìí yóò gba oògùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ara wọn. Láti ìgbà kìíní dé ìgbà kẹfà, ọ̀sẹ̀ mélòó ni?

2. Ká ní ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún ènìyàn méjì jẹ́ 10,000 sẹ́fà. Èló ni ti ẹ̀ẹ̀mẹfà?

3. Obìnrin 20 wà nínú àjọ kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá 200 sẹ́fà lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 15, èló ni owó náà? Ṣé ó tó ti ìbéèrè kejì?

4. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ náà ní ọ̀sẹ̀ tí dókítà ní kí ìyá wá gba oògùn kìíní, èló ni yóò wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ kìíní fẹ́ gbéra? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ó yẹ kí wọ́n ti ṣáájú bẹ̀rẹ̀?