Kí Ẹ Tó Gbé Iṣẹ́ Ọpọlọ Yín Lé Olówó Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ yín kúrò nínú ìwé, kó di ohun tí aráyé ń rà lọ́jà. Ohun tó dáa ni, mo sì gbà á ládùúrà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn oògùn kan ná.

Rẹ́fúrẹ́ǹdì P. O. Ogunyale, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní àgbo kan tó fi ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde. Kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni. Iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá, NIPRD, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí nígbà náà, bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kí wọ́n tó gbé àgbo náà wọ yàrá ìwádìí. Ibẹ̀ yẹn wú mi lórí gan-an, torí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n ti gba ewé lọ́wọ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wọn mọ́. Wọ́n dán oògùn náà wò lára aláìsàn, ìrora tó máa ń dá wọn wólẹ̀ dínkù, wọ́n sì pè é ní Niprisan. Wọ́n gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ títí dé Amẹ́ríkà.

Lọ́dún 2002, wọ́n yọ̀ǹda fún iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, láti máa ṣe é tà. Ó jáde lọ́dún 2006, orúkọ rẹ̀ lọ́jà sì ni Nicosan. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2008, gbèsè ti wọ Xechem lọ́rùn, ó ti sá lọ sí kóòtù láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ lówó. Oògùn náà wọ́n títí tó fi pòórá. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ń rí ìtura lára rẹ̀ ń wá a káàkiri.

Ẹ̀yin ọmọ mi, oògùn yẹn kò jẹ̀bi, ìwádìí náà kò sì jẹ̀bi. Ẹni tó gbé e ló ṣubú.

Nítorí náà, bí olówó bá fẹ́ ra iṣẹ́ yín, ẹ má wo iye tó fẹ́ san nìkan. Ẹ bi í pé: bí o bá kógbá wọlé ńkọ́? Kí ìdáhùn wà nínú ìwé pé bó bá jẹ gbèsè wó, tàbí tó kàn gbé iṣẹ́ yín pamọ́ láìṣe é, ẹ̀tọ́ á padà sọ́wọ́ yín. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ogún ọdún gan-an sì ni pátẹ́ǹtì ń lò nílẹ̀ wa.

Ọ̀kan tún kù. Mo mọ̀ pé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ń lé yín léré láti tẹ àpilẹ̀kọ jáde. Ẹ rọra. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí ẹ bá ti tẹ̀ jáde kí ẹ tó béèrè fún pátẹ́ǹtì, wọn kì í kà á sí tuntun mọ́. NOTAP, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti dá ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ibi tó wà lọ́gbà yín, kí ẹ sì débẹ̀ kí àpilẹ̀kọ yẹn tó kúrò lọ́wọ́ yín.