Àpótí Ìmọ̀: Ojú Là, Ọkàn Ti Lọ

Lójú títì kọnkéré Ọbájànà sí Kàbà, kìlómítà 43, awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì tó ti rẹ̀ lè lajú kalẹ̀ kó má rí ewúrẹ́ tó ń sọdá. Ní 1948, Norman Mackworth, onímọ̀ kan ní Bírítéènì, ṣàlàyé ìdánwò tó ṣe: àwọn ènìyàn ń ṣọ́ ọwọ́ aago fún wákàtí 2, wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì bó bá fò ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, fífò tí wọn ò rí ti pọ̀ sí i. Àmọ́ nígbà tí a fi fóònù rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n túbọ̀ gbìyànjú, ojú wọn tún mú. Kóríyá ń ṣiṣẹ́, kì í kàn pẹ́ ni. Kaféènì inú obì náà ń lé oorun díẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò sùn lóru lè tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láìmọ̀, tírélà á sì máa sáré lọ.