Ẹ̀kọ́ 17: Owó ìlú wa tán!

Kí a tó kà

1. Bí wọ́n bá fún ọ ní owó pé kí o fi kọ́ ìlú, kí ni wàá kọ́kọ́ kọ́?
2. Ta ló ń san owó tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ìlú yín ṣe?

1. Eré kan lórí kọ̀ǹpútà

Àkàndé àti Àṣàkẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń gbé. Àkàndé ni ẹ̀gbọ́n, Àṣàkẹ́ ni àbúrò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, tí kò sí ilé-ìwé, àwọn ọmọ náà lọ kí i.

"Ẹ kúùṣẹ́ o, Bàbá," ni wọ́n wí, wọ́n sì kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kúùrìn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá wo eré kan. Ó dàgbà jù yín lọ! Orúkọ rẹ̀ ni SimCity."

Bàbá wá ṣàlàyé. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Will Wright ló ṣe eré náà. Ó jáde ní ọdún 1989. Kí Will Wright tó ṣe é, ó ti ṣe eré mìíràn tí ènìyàn fi ń ju bọ́ǹbù lu ìlú. Nígbà tí ó ń ṣe ìyẹn, ó rí i pé kíkọ́ ìlú dùn mọ́ òun ju bíba ìlú jẹ́ lọ.

"Nínú eré yìí, ẹ̀yin ni mẹ́ẹ̀rì," ni Bàbá wí. "Wọ́n á fún yín ní ilẹ̀. Wọ́n á fún yín ní owó. Ẹ ó kọ́ ìlú. Bí ìlú bá dára, àwọn ènìyàn á wá gbé ibẹ̀. Bí kò bá dára, wọ́n á kó lọ."

Ilẹ̀ mẹ́ta ló wà. Ilẹ̀ ilé gbígbé ní àwọ̀ ewé. Ilẹ̀ ìtajà ní àwọ̀ aró. Ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ní àwọ̀ ìyeyè. Iná gbọ́dọ̀ dé ibi gbogbo, ọ̀nà náà sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Bí iná kò bá dé ibì kan, ibẹ̀ kì í dàgbà.

Iye owó wọn nìyí:

- ilé-iṣẹ́ tó ń fi èédú pèsè iná: 3 000 dọ́là
- pápá ọkọ̀ òfuurufú: 10 000 dọ́là
- àgọ́ ọlọ́pàá kan: 500 dọ́là
- àgọ́ panápaná kan: 500 dọ́là
- ilẹ̀ kan fún ilé, ìtajà tàbí ilé-iṣẹ́: 100 dọ́là
- ọ̀nà, ègé kan: 10 dọ́là
- wáyà iná, ègé kan: 5 dọ́là

2. Owó tán

Ọ̀kẹ́ kan dọ́là (20 000) ni eré náà fi lé wọn lọ́wọ́. Inú wọn dùn púpọ̀.

"Owó yìí pọ̀! Kò lè tán," ni Àkàndé wí.

Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ iná. Ó dára. Lẹ́yìn náà, Àkàndé fẹ́ rí ọkọ̀ òfuurufú. Ó kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú fún ìlú tí kò ì ní ènìyàn kan! Àṣàkẹ́ ń bẹ̀rù olè àti iná. Ó kọ́ àgọ́ ọlọ́pàá mẹ́rin àti àgọ́ panápaná mẹ́rin. Ìgbà náà ni wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí àwọn ènìyàn rí ibi gbé. Wọ́n fi ilẹ̀ ogún (20), ọ̀nà àti wáyà iná kún un.

Nígbà tí wọ́n wo àpò ìlú, òfo ni.

Ọdún inú eré parí. Ní ìparí ọdún, ìlú a máa gba owó-orí. Nínú gbogbo 100, 7 ni ìlú ń gbà. Ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ló wà ní ìlú. Nítorí náà, 200 dọ́là péré ló wọlé.

Ẹ sì gbọ́ o! Àgọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gba 100 dọ́là lọ́dọọdún. Àgọ́ mẹ́jọ ń fẹ́ 800 dọ́là. Ọ̀nà náà ń fẹ́ owó àtúnṣe.

"Ẹ jẹ́ kí a fi kún owó-orí," ni Àkàndé wí. Ó gbé e láti 7 lọ sí 20.

Lọ́dún kejì, 400 dọ́là wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. Àwọn ará ìlú wí pé owó-orí ti pọ̀ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ. Ilé ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni owó-orí ń dín kù.

"Kí á má fún àwọn panápaná lówó mọ́," ni Àkàndé tún wí. "Iná kan kò ṣáà jó."

Kò pẹ́ tí iná fi sọ. Kò sí ẹni tí yóò pa á. Ó jó ilé-iṣẹ́ méjì, ó sì jó wáyà iná. Òkùnkùn bo apá kan ìlú. Ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Àádọ́rùn-ún (90) dọ́là ló kù nínú àpò.

Àṣàkẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a pa á rẹ́, kí a bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Rárá. Ní ayé, a kì í pa ìlú rẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo ti tọ́jú ìlú yín sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín. Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ẹ padà wá."

3. Ọ̀rọ̀ ìyá

Gàrí ni ìyá wọn ń tà ní ọjà Wàǹdó. Kò mọ eré kọ̀ǹpútà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ẹ rántí ìgbà tí òjò ba àpò gàrí mi mẹ́ta jẹ́?" ni ó béèrè.

"A rántí, Ìyá," ni Àṣàkẹ́ wí. "Ẹ kò ra aṣọ ọdún fún wa."

"Owó aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ojú owó ni. Bí mo bá fi ra aṣọ, kí ni ǹ bá fi ra gàrí mìíràn? Kí ni ǹ bá fi ra ìwé yín?"

Àṣàkẹ́ tẹrí ba. Lọ́jọ́ náà, ó bínú sí ìyá rẹ̀, kò sì jẹun alẹ́. Kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ nígbà náà.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò fi owó kún gàrí, kí owó lè tètè padà?" ni Àkàndé béèrè.

"Bí mo bá sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ta ni yóò rà á? Àwọn oníbàárà mi á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi àti gàrí mi nìkan ni yóò kù lọ́jà."

Àkàndé wo àbúrò rẹ̀. Ohun tó ṣe fún àwọn ará ìlú rẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Kí wá ni ẹ ṣe, Ìyá?"

"Mo bi ara mi ní ìbéèrè mẹ́ta. Èló ló ń wọlé? Èló ló ń jáde? Nínú ohun tó ń jáde, èwo ló lè dúró ná? Mo tún dín ọjà kù. N kò dá ọjà ńlá mọ́, mo ń tà díẹ̀díẹ̀. Mo ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n n kò yẹ owó oúnjẹ yín, n kò sì yẹ owó ìwé yín. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi."

4. Ìlú náà dìde

Ọjọ́rú pé. Wọ́n padà sídìí kọ̀ǹpútà. Wọn kò sáré mọ́. Wọ́n mú ìwé àti kálámù, wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́ta ti ìyá wọn sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, wọ́n dá owó-orí padà sí 7.

Ìkejì, wọ́n wó àgọ́ ọlọ́pàá mẹ́ta àti àgọ́ panápaná mẹ́ta. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ó dun Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n àgọ́ panápaná kan tí ó ní owó sàn ju mẹ́rin tí kò ní lọ. Owó tó ń jáde fún àgọ́ wá dín kù, láti 800 sí 200.

Ìkẹta, wọ́n ra ègé wáyà márùn-ún. Iná padà dé ibi tí òkùnkùn bò.

Ìkẹrin ló le jù: wọn kò kọ́ ohunkóhun mọ́. Wọ́n dúró.

Ọdún kan kọjá nínú eré. Owó tó wọlé san owó àgọ́ méjèèjì. Ìwọ̀nba tó kù ni wọ́n fi tún ọ̀nà ṣe. Kò sí gbèsè, kò sí èrè. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí padà wá.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n san gbogbo owó tó yẹ, 100 dọ́là sì kù. Àkàndé fẹ́ ná an kíákíá. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó ronú, ó sì kọ́ ilẹ̀ ilé gbígbé kan péré. Ilẹ̀ náà mú ènìyàn wá. Àwọn ènìyàn náà mú owó-orí wá. Báyìí ni ìlú ṣe ń dìde díẹ̀díẹ̀.

Pápá ọkọ̀ òfuurufú ṣì wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ kò padà wá mọ́. Àkàndé máa ń wò ó, á mi orí.

Nígbà tí wọ́n délé, Àṣàkẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Ìyá, ẹ ṣeun fún ìwé mi," ni ó wí.

5. Ìlú tiwa ńkọ́?

Ìlú inú kọ̀ǹpútà jẹ́ eré. Ṣùgbọ́n ìlú tiwa kì í ṣe eré. Kọ́múnù 77 ló wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mẹ́ẹ̀rì ni olórí kọ́múnù kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún, kọ́múnù kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe ètò ìnáwó: wọ́n á kọ owó tí yóò wọlé, wọ́n á kọ owó tí yóò jáde. Owó tí àwọn ọlọ́jà ń san lọ́jà wà lára owó tó ń wọlé. Ọ̀nà, ilé-ìwé àti ìmọ́tótó wà lára ohun tí owó náà ń jáde fún. Bí owó bá kéré, wọ́n gbọ́dọ̀ yan ohun tó ṣe pàtàkì jù.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

- owó-orí: owó tí àwọn ará ìlú ń san fún iṣẹ́ ìlú
- ojú owó: owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ òwò
- èrè: owó tó lé lórí ojú owó
- ètò ìnáwó: ìwé tí a kọ owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde sí
- panápaná: àwọn tó ń pa iná tó ń jó ilé

Ìbéèrè

1. Ní ọdún wo ni SimCity jáde? Ta ló ṣe é?
2. Kí ni Àkàndé kọ́ tí kò wúlò fún ìlú náà?
3. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi kó kúrò ní ìlú?
4. Sọ ìbéèrè mẹ́ta tí ìyá bi ara rẹ̀.
5. Kí ló dé tí Àṣàkẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?

Ìṣirò

1. O ní 20 000 dọ́là. O kọ́ ilé-iṣẹ́ iná kan àti àgọ́ panápaná kan. Èló ló kù?
2. Àgọ́ márùn-ún wà ní ìlú kan. Èló ni wọn yóò gbà lọ́dún kan?
3. Owó tó wọlé jẹ́ 450 dọ́là. Owó tó jáde jẹ́ 380 dọ́là. Ǹjẹ́ o lè kọ́ ilẹ̀ ilé gbígbé kan? Ṣàlàyé.

Ẹ jọ ṣe é

Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ ogún (20) jọ. Òkúta kan jẹ́ 1 000 dọ́là. Ẹ ya ìlú sórí ilẹ̀, kí ẹ sì fi òkúta san owó ohun tí ẹ bá kọ́. Ẹ ṣọ́ra: ẹ gbọ́dọ̀ fi òkúta márùn-ún pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro.

Òwe láti kọ́ sórí

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.