Sísọ Ògbólógbòó Kábíńẹ́ẹ̀tì Ilé Ìdáná Dọ̀tun Lówó Pọ́ọ́kú

Nínú kábíńẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, ilẹ̀kùn àti híńjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó. Àpótí tó gbé wọn ró máa ń pẹ́ jù wọ́n lọ. Ìdí nìyí tí àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà kì í fi í sọ fún onílé tọ́wọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀ pé kó tú gbogbo rẹ̀ dànù. Iṣẹ́ ọmọṣẹ́ ni láti mọ ohun tó yẹ ní fífi sílẹ̀ àti ibi tó yẹ kí owó wọlé sí.

Àyẹ̀wò ló ṣíwájú. Ẹnu sìkúrúdiráfà ni a fi ń gún pákó wò lábẹ́ síńkì àti nísàlẹ̀ tí omi ìfọlẹ̀ máa ń kàn. Plywood tí ìpele rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣeé fi gọ́ọ̀mù igi lẹ̀, kí a sì dè é pinpin mọ́jú. Ṣùgbọ́n chipboard tàbí MDF tó bá ti mu omi wú kò ní padà sípò mọ́. Ńṣe ni kí a gé ibẹ̀ kúrò, kí a fi plywood dí i. Bí páìpù bá ń jò, plọ́ḿbà ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Pákó tí ikán bá sì ti jẹ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń kùn. Kí onílé gbọ́ èyí kó tó náwó.

Kí ilẹ̀kùn tó kúrò lára àpótí, pẹ́ńsù ni a fi ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ihò híńjì, níbi tí ọ̀dà kò ní dé, a ó sì kọ irú nọ́ńbà kan náà sínú àpótí. Ilẹ̀kùn méjì tó jọra kì í sábà bá àyè ara wọn mu.

Fífọ̀ ni olórí iṣẹ́ yìí. Epo, òróró àti èéfín ọdún pípẹ́ ti wọ ara pákó. Omi gbígbóná àti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ni a fi ń fọ̀ ọ́, a ó fi omi mìíràn nù ún, a ó sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, kí a ta omi díẹ̀ sí i: bó bá ń kóra jọ ní kíkán-kíkán, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀dà tí a kùn lé ọ̀rá lórí yóò bó dandan.

Sáńpépà 120 ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ 220. Lára pákó tó ń dán, kí dídán náà sáà ti kú ni. Kí a má ha á débi pé inú rẹ̀ yóò yọ. Eruku MDF kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà kí ọmọṣẹ́ bo imú.

Bí ihò sìkúrúù bá ti fẹ̀, kò sí ìdí láti ra ilẹ̀kùn tuntun. A ó ki igi ìṣáná tí a ti rì bọ gọ́ọ̀mù sínú ihò náà títí yóò fi kún, bó bá gbẹ, a ó gé e dọ́gba, a ó sì tún sìkúrúù dè. Ní ti ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí a wọn àárín ihò kan sí àárín ìkejì kí a tó lọ sọ́jà. 96 tàbí 128 mílímítà ló wọ́pọ̀. Èyí tó bá bá ihò àtijọ́ mu yóò gbani lọ́wọ́ dídí ihò.

Ọ̀dà àkọ́kùn tó ń lẹ̀ mọ́ pákó dídán àti híńjì tó dára ni kí owó lọ sí. Inú àpótí tó bá ṣì mọ́ kò nílò ọ̀dà. Rólà ni fún ojú tó tẹ́, búrọ́ọ̀ṣì fún igun. Ìkùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ. Kí iná gáàsì wà ní pípa nígbà tí thinner bá wà nítòsí, kí fèrèsé sì ṣí. Ọ̀dà tó gbẹ lójú lè má tíì le nínú, pàápàá nígbà òjò; ilẹ̀kùn tí a bá yára gbé kọ́ yóò lẹ̀ mọ́ àpótí. Kí onílé fún un ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó tún fi omi nù ún.