Èdè Yorùbá àti Iṣẹ́ Òòjọ́ ní Ayé Ẹ̀rọ

Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá yan Yorùbá ní ẹ̀kọ́, a máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí: kí ni yóò fi jẹun? Àwọn òbí tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń bèèrè rẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a fi ẹ̀rí dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá Túbọ̀sún, ọmọ Ìbàdàn. Ní ọdún 2009 ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá ní Southern Illinois University, ní Edwardsville. Ní ọdún 2012, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ọmọ Yorùbá jọ láti fi èdè wọn kọ̀wé lórí Twitter, kí àwọn tí ó ni ín lè mọ̀ pé èdè náà ní ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ó dá YorubaName sílẹ̀, ìwé atúmọ̀ orúkọ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣiṣẹ́ ní Google gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe ohùn ẹ̀rọ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà, èyí tí ó jáde ní 2019. Ìmọ̀ èdè ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Èéṣe tí àwọn ẹlẹ́rọ fi ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ohun tí ènìyàn bá kọ tàbí tí ó bá sọ sí ẹ̀rọ létí ni ẹ̀rọ ń kọ́. Ẹ wo gbólóhùn yìí tí kò ní àmì: “Baba ra oko.” Ṣé oko tí à ń dá ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, tàbí ọkọ̀ tí ń kó èrè rẹ̀ lọ sí ọjà? Google ti ń túmọ̀ Yorùbá láti 2013, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò fi àmì sí ọ̀rọ̀, tí yóò kà á kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì tún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì. Ní ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ẹ̀rọ ti ìgbà tirẹ̀.

Ojú irin láti Ifọ̀ a máa dópin ní Ìdógò wa yìí nígbà kan. Ẹrù tí a bá kó sínú rẹ̀ ni ó ń gbé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti èdè rí. Àwọn àgbà Yewa, Kétu àti Ọ̀họ̀rí, tí ààlà Benin là láàrin, ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Bí a kò bá kọ ọ́, ẹ̀rọ kì yóò mọ̀ ọ́n láé.

Báwo ni a ó ti múra? Èkíní, kí a máa fi àmì sí gbogbo ohun tí a bá kọ. Èkejì, kí a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ méjì ni ògbufọ̀ fi ń dúró. Ẹ̀kẹta, kí a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ̀kẹrin, kí a mọ kọ̀ǹpútà í lò.

Iṣẹ́ wọ̀nyí kò pọ̀ tó iṣẹ́ olùkọ́, òmíràn kì í sì í ju oṣù díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò ṣe é ń bọ̀ wá jókòó níwájú wa. Bí ó bá kọ “oko” sórí pátákó, kí a bi í pé: èwo nínú wọn?