Ẹ Yẹ Àwòrán Wò Kí Ẹ Tó Gé Páànù

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù



Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, tàbí tíréè tí a ń da gàrí gbígbóná sí kí ó lè tutù, owó tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dá jọ ni yóò fi ra páànù. Nígbà púpọ̀, ẹnu lásán ni a fi ń júwe ohun tí a fẹ́ fún wẹ́dà. Ẹ̀yìn tí a bá ti gé páànù tán ni a ó tó mọ̀ pé kò tó, tàbí pé ihò rẹ̀ ti fà ya. Páànù tí a ti gé kò sì ṣeé dá padà fún ẹni tí ó tà á. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá.

Kọ̀ǹpútà lè yẹ àwòrán wò, kí ó sì fi hàn bí ohun tí a yà yóò bá rọrùn láti ṣe. Geoffrey Boothroyd àti Peter Dewhurst, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì Rhode Island ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó sọ irú àyẹ̀wò yìí di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìjọba Amẹ́ríkà sì fi àmì-ẹ̀yẹ dá wọn lọ́lá ní 1991. Lónìí, a lè gba ètò FreeCAD lọ́fẹ̀ẹ́ láti ya ohun tí a fẹ́ fi páànù ṣe, kí a sì tú u pẹrẹsẹ lójú kọ̀ǹpútà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ A Ń BI ÀWÒRÁN

Ẹ jẹ́ kí a mú páànù tí ó nípọn tó mìlímítà (mm) 2.

1. Ǹjẹ́ igun rẹ̀ kò mú jù? Kí ìyípo igun inú má ṣe dín sí 2 mm, kí ojú páànù má baà sán.

2. Ǹjẹ́ ihò kò sún mọ́ ibi tí a ó tẹ̀ jù? Ẹ fi 2.5 sọ ìnípọn páànù di púpọ̀, kí ẹ sì fi ìyípo igun inú kún un: ó di 7 mm. Ihò tí ó bá sún mọ́ igun jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fẹ̀, bóòtù kò sì ní jókòó dáadáa nínú rẹ̀.

3. Ǹjẹ́ gígùn rẹ̀ pé? Tíréè tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 600 mm, tí etí rẹ̀ méjèèjì ga ní 100 mm, bí a bá wọ̀n ọ́n láti òde, kò gba páànù 800 mm. Ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín in kù ní nǹkan bí 3.5 mm, nítorí náà nǹkan bí 793 mm ni a ó gé.

4. Mélòó ni yóò jáde nínú páànù kan? Páànù tí a sábà ń rà fẹ̀ ní 1220 mm, ó sì gùn ní 2440 mm. Bí fífẹ̀ páànù tíréè wa bá jẹ́ 620 mm, méjì kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 3 péré ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá dín etí kọ̀ọ̀kan kù ní 10 mm, tí fífẹ̀ rẹ̀ di 600 mm, 6 ni yóò jáde. Ẹgbẹ́ tí ó nílò tíréè 6 yóò ra páànù kan dípò méjì.

OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ MỌ̀

Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ irin. Nítorí náà irin tí kì í dípẹtà ni ó yẹ fún ibi tí oúnjẹ yóò kàn. Irin yìí a máa ta padà lẹ́yìn ìtẹ̀ ju irin lásán lọ. Ẹ sọ irú irin náà fún kọ̀ǹpútà, àti bí ẹ̀rọ ìtẹ̀páànù wẹ́dà yín ti gùn tó. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fúnra rẹ̀ jókòó ti ẹni tí ń ya àwòrán.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Kí akápò má ṣe san owó páànù títí ẹgbẹ́ yóò fi rí àwòrán bí a ó ti gé e. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà nítòsí, ẹ gé páálí ní ìwọ̀n gan-an, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí. Lórí ọ̀ràn ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ NCAM, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Idofian lẹ́bàá Ìlọrin.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́: Bí páànù bá nípọn ní 1.5 mm, tí ìyípo igun inú rẹ̀ sì jẹ́ 1.5 mm, báwo ni ó ti yẹ kí ihò jìnnà sí igun tó? (Ìdáhùn: 5.25 mm, ó kéré tán.)