Ẹ Má Fi Ìjókòó Kẹ́ Àgbà

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tó ti rọ́wọ́ mú là ń pa òwe yìí fún, kó má gbàgbé ìyá tó bí i. Ṣùgbọ́n ọmú ni òwe ní kí òkété mu. Kò ní kó dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í lò.

Ẹ wo àwọn àgbà wa ní Asawase, nílùú Kumasi. Nígbà tí ìjọba Busia lé àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, ọ̀pọ̀ Yorùbá kó ẹrù wọn, àwọn kan dúró. Ọ̀dọ́ ẹni 20 ọdún ìgbà náà ti kọjá 70 báyìí. Ìyá tó fi orí ru ẹrù ní ọjà Kejetia, ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé korobá omi mọ́. “Màmá, ẹ jókòó, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.” Ìfẹ́ ni. Àmọ́ ìjókòó yẹn ń jẹ iṣan ara wọn.

Láti nǹkan bí ẹni 30 ọdún ni iṣan ti ń dín kù. Lẹ́yìn 60, ó ń yára sí i. Sarcopenia ni àwọn dókítà ń pè é. Fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ wá fún iṣan ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ara àgbà kì í sì í fi oúnjẹ kọ́ iṣan bíi tọ̀dọ́. Ọjọ́ orí kò ṣe é dá dúró, ṣùgbọ́n àìlò ṣe é yẹra fún: àgbà tára rẹ̀ le, tó sùn sórí ibùsùn fún ọjọ́ 10 péré, lè pàdánù nǹkan bíi kílò kan nínú iṣan ẹsẹ̀.

Ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e, lóòótọ́. Iṣan ló ń bá alára gbé e. Ẹ dán iṣan náà wò: kí àgbà jókòó sórí àga, kó ká ọwọ́ lé àyà, kó dìde, kó jókòó, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Mùsùlùmí pọ̀ ní Asawase, ìrun wọn náà sì ń lo iṣan. Rákà 17 ni ìrun ọ̀ranyàn ojúmọ́, ìforíkanlẹ̀ àti ìdìde sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀sìn gba aláìlera láyè láti kírun lórí àga, n kò jiyàn. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ọmọ gbé àga wá kí ìyá tó bèèrè.

Rírìn dára, kò tó. Iṣan ń fẹ́ ohun tó wúwo. Lọ́dún 1990, Maria Fiatarone àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston gbé ìwádìí jáde lórí àwọn arúgbó ẹni 86 sí 96 ọdún tó fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ta ló wá sọ pé ó ti pẹ́ jù fún ẹni 68 ọdún?

Ọmú òkété ńkọ́? Purotéènì ni. Àgbà tó wọn 60 kílò nílò nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 72 lójúmọ́. Nǹkan bíi 6 ló wà nínú ẹyin kan. Ìyá tó mu kókó lásán láàárọ̀, tó sì há ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ lálẹ́, kò lè débẹ̀. Ẹ fi kóósé, ìyẹn àkàrà, ti kókó náà, ẹ ra wagashi, ìyẹn wàrà, ẹ ra ẹja àti ẹ̀pà. Bí eyín kò bá sí, ẹ lọ ẹran kúnná. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín ni kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi korobá kékeré sílẹ̀ fún ìyá yín. Ẹ jẹ́ kí bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀yin àgbà, bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ ní ẹ ò tíì ṣetán.